Àwọn Àlejò Orí Afárá Olórùlé

Ẹ sún wá sábẹ́ àtíbàbà dáadáa, òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó tètè lọ tọ̀, torí pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi Ògúnmọ́dẹdé ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo fi orí ru ọ̀kan nínú wọn wálé, tí mo sì ń súfèé. Látúnjí, má rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí alángbá lé kúrò lórí ọ̀pẹ lánàá, tí o da ẹmu gbogbo ìlú nù!

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìndé ará Ìlódò, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, tó sì fi ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Abíọ́nà, fún mi pé kí n fi ṣaya. Ó ku oṣù kan kí a gbé ìyàwó ni Abíọ́nà ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé ìyá òun ní òdìkejì igbó. Ó gba ọ̀nà àbùjá. Kò dé ọ̀hún, kò sì pa dà wálé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu òun gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, ẹnu bàbá rẹ̀ ni òun sì ti gbọ́ apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ jókòó síbi tí ẹ ó gbọ́ láìpẹ́. Ẹ má tíì bi mí pé níbo ni èmi ọkọ ìyàwó wà nígbà náà. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọdẹ́rìndé kò sunkún. Ó yan ọ̀yà ńlá mẹ́ta lórí iná títí wọ́n fi gbẹ kangan, ó kó wọn sínú àpò, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọgbó. Ó rìn títí ohùn ẹyẹ fi yí padà, tí àwọn igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é. Báyìí ló ṣe mọ̀ pé òun ti kúrò ní ilẹ̀ ènìyàn, òun ti wọ Ilẹ̀ Olórùlé.

Odò ló kún ilẹ̀ náà bí iṣan ṣe kún ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. Lórí odò kọ̀ọ̀kan, afárá kan. Kì í sì í ṣe afárá bíi tiwa, tí a kàn dá igi ọ̀pẹ méjì lé omi, tí àwọn ọ̀mùtí ń já bọ́ níbẹ̀. Pákó ló wà nílẹ̀, pákó lápá ọ̀tún, pákó lápá òsì, òrùlé gàgàrà lókè. Bí o bá dúró lókèèrè, wàá sọ pé ilé gbọọrọ ni ẹnì kan gbé kalẹ̀ sórí omi, tó gbàgbé láti fi ilẹ̀kùn sí i. Wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sí àtẹ́rígbà, wọ́n gbẹ́ iye ọdún rẹ̀ sábẹ́ orúkọ náà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti lo irínwó ọdún, pákó rẹ̀ sì ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án láàárọ̀.

Ní ẹnu afárá àkọ́kọ́, iwin kan jókòó lórí àpótí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ìṣó ló wà lẹ́nu rẹ̀ níbi tó yẹ kí eyín wà. Bó bá fẹ́ kan pákó, á fa ọ̀kan yọ, òmíràn á sì hù sí ojú rẹ̀. Kí Ọdẹ́rìndé tó la ẹnu, iwin náà ti kí i.

"Ọdẹ, o kú ìrìn. Dúró níbẹ̀. Àlọ́ kan ni mo máa pa fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, mo máa kàn ọ́ mọ́ ibi tí o dúró sí. Kí ló jẹ́ ilé tí wọn kò bímọ sí rí, tó tún jẹ́ ọ̀nà tí òjò kò pa rí?"

Ọdẹ́rìndé wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé èyí náà ni àlọ́? Afárá yín yìí kọ́? Ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú nílé wa á dá a lóhùn."

"Òótọ́ ni. O mọ̀ ọ́n," ni iwin wí, ó sì tu ìṣó kan jáde, ìṣó náà gba etí òsì Ọdẹ́rìndé kọjá, ó kàn án mọ́ òpó. "Ìyẹn fún àfojúdi rẹ."

Ọ̀gá mi fa etí rẹ̀ ya kúrò lára òpó. Kò ké. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ẹ̀fọn á jẹ yín, ẹ ó máa ké pe ìyá yín! Ó fi ewé di etí, ó sì béèrè pé, "Kí lẹ ṣe ń fi òrùlé bo afárá?"

"Òjò àti oòrùn ló ń pa igi. A fi òrùlé bò ó kó lè pẹ́."

"Bó bá wá jẹrà ńkọ́? Níbo lẹ ti ń rí igi tí ẹ fi ń tún un ṣe? Láti àárọ̀, mi ò rí kùkùté kan ṣoṣo."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣáín, ṣáín. "Èèwọ̀ ni, ọdẹ. A kì í gé igi ní ilẹ̀ wa." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọbìnrin tí ò ń wá wà ní afárá kẹta. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì gún. Mo fẹ́ràn kó gún bẹ́ẹ̀."

 Ọdẹ́rìndé gba orí afárá náà kọjá. Ní àárín, ó rí ojú igi kan lára pákó tó fẹ́ tẹ̀. Ojú igi náà ṣẹ́jú. Ó fò ó dá.

Ti afárá kejì kò le, ìwà òmùgọ̀ ló ní. Afárá tó ń yí ni. Bí o bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé, á yí ara rẹ̀ po, o ó tún bọ́ síta ní etí odò tí o ti wá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ọdẹ́rìndé wọ ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló pa dà sí ojú kan náà. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó fi ẹ̀yìn rìn wọ ibẹ̀. Afárá rò pé ó ń jáde ni, kò yí, ó sì já a sí òdìkejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń fi ẹ̀yìn rìn lóko ọdẹ o, ọ̀gá mi wò mí kọ́ ọ ni. Ta ló ń wú ikọ́ ìyẹn?

Ó wá dé afárá kẹta. Òun ló tóbi jù, òun ló dàgbà jù, òun ni wọ́n gbẹ́ irínwó ọdún sí lórí. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Ọdẹ́rìndé rí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó gba ara ògiri pákó lọ, ó rí ààrò ní ìkángun, èéfín sì ń rú. Ẹ gbọ́ o. Kí ni ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé máa ń ṣe tó bá dé ẹnu ilé onílé? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yà fúnra rẹ̀.

"Àgò o!"

"Àgò yà!" ni ohùn obìnrin kan dáhùn láti inú.

Ẹnì kan sì figbe ta láàárín àwọn tó jókòó: "Yéè! Bàbá mi! Ẹ ti wí i!"

Abíọ́nà ni. Bàbá rẹ̀ sáré lọ bá a, ó gbá a mọ́ra, ó ní kó dìde kí àwọn máa lọ. Ọmọ náà kò dìde. Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí dé kókósẹ̀, igi ni. Igi dáadáa, tó ní ìlà, tó ń ta sánsán bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ìyá tó dáhùn àgò wá bá wọn. Obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kúnlẹ̀ kí Ọdẹ́rìndé bí ẹni pé àna rẹ̀ ló dé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọdẹ. Ẹ jókòó. Ẹ kú ọ̀nà."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọmọ mi ni mo wá mú. A fẹ́ máa lọ."

"Háà! Ẹ̀yin ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Ẹ ó lọ láìjẹun? Kí ni àwọn ènìyàn á sọ nípa mi? Oúnjẹ wà lórí iná, ó kù díẹ̀ kó jinná. Bí ẹ bá jẹun tán, màá sìn yín sọ́nà."

Ọdẹ́rìndé ní òun kò gbà, ó gbé Abíọ́nà sẹ́yìn, ó sáré lọ sí ẹnu afárá. Kó tó mí ẹ̀ẹ̀kan, orí ẹní ló tún bá ara rẹ̀. Ó yìnbọn sí òrùlé. Ọta náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó tutù bí ìgbín.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ìyá náà wí. "Ojú ọ̀nà ni afárá yìí fún ẹni tó bá dákẹ́ kọjá. Ta ló ní kí ẹ ké àgò? Ẹ̀yin lẹ pè é ní ilé. Ẹ sì mọ̀ pé àlejò kì í fò jáde nílé bí olè. Onílé á fún un lóúnjẹ, onílé á sìn ín. Ẹ fara balẹ̀."

Abíọ́nà ló wá tú u fún bàbá rẹ̀. Omi lásán ló wà nínú ìkòkò náà, kò sì tíì fi ìgbà kan jinná. Ẹni tó bá jókòó pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di igi, ìdí rẹ̀ á di igi, títí dé ọrùn. Bí pákó kan bá wá jẹrà lára afárá, gbẹ́nàgbẹ́nà á wá mú ẹni tó bá ti gbó.

"Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ kò ní oúnjẹ lọ́wọ́ ni?" ni Ọdẹ́rìndé bi àwọn tó kù.

Wọ́n ní i. Iṣu sísun wà lápò ẹlòmíràn, ó ti di òkúta. Ọkùnrin kan tó jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, Alábí alágbẹ̀dẹ, igi ti dé ìgbáròkó rẹ̀, ó ní, "Ẹ dákẹ́, Bàbá Ọdẹ, kí Ìyá má gbọ́. Ta ló ń yọ oúnjẹ tirẹ̀ jáde nílé ẹni tó ń dáná fún un lọ́wọ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún un lójú pé ahun ni?"

Ojú ti Ọdẹ́rìndé pé òun béèrè. Ó fa àpò ọ̀yà rẹ̀ sí abẹ́ itan, ó bò ó mọ́lẹ̀. Látúnjí, kí ló dé tí o ń mi orí? Ìwọ náà ì bá bò ó mọ́lẹ̀! Gbogbo wa tí a jókòó síbí ni à bá bò ó. Wọ́n tọ́ wa dáadáa.

Báyìí ni wọ́n jókòó. Lójoojúmọ́ ni Ìyá ń wá kí wọn: "Ẹ kú ìjókòó o. Ó kù díẹ̀." Wọ́n á dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ìyá, ẹ kú iṣẹ́." Itọ́ ń kún ẹnu wọn, wọ́n ń gbé e mì. Ìgbà yẹn ni bàbá sọ ìrìn-àjò rẹ̀ fún ọmọ, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Igi gun kókósẹ̀ Abíọ́nà kọjá, ó dé orúnkún. Ti bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láti èékánná.

Ní òpin oṣù kẹta, gbẹ́nàgbẹ́nà elẹ́nu ìṣó wọlé. Kò ké àgò. Ó na Alábí sílẹ̀ gbalaja, ó sì ń fi ìfági fá a láti ẹsẹ̀ wá sókè. Ojú Alábí ṣì là. Bí ìfági bá ti bó o, ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ń da èérún sí yín nílẹ̀, Ìyá." Ìyá ní, "Kò sí láburú, Alábí mi, màá gbá a." Ó sì mú ìgbálẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀ afárá pẹ̀lú ìṣó mẹ́jọ. Ó ń tọrọ gáfárà títí dé ìṣó keje.

Gbẹ́nàgbẹ́nà wá fi ìka lu ẹsẹ̀ Abíọ́nà, kò kò kò. Ó fi etí sí i. "Èyí á gbó tó bá di ọjọ́ mẹ́ta," ló wí, ó sì jáde.

Ọjọ́ kìíní, Ọdẹ́rìndé ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ kan àpò, ó tún mú ọwọ́ kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó fa àpò yọ, ó tú u, ó gbé ọ̀yà gbígbẹ mẹ́ta sórí ẹní ní gbangba. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ òrùlé kan. Àwọn àlejò fi ọwọ́ bo ojú. "Yéè, Bàbá Ọdẹ! Ẹ má dójú ti onílé!" Ó ya itan ọ̀kan, ó gbé e sí ẹnu Abíọ́nà. Abíọ́nà wo Ìyá, ó wo bàbá rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Bí ó ti gbé e mì, orúnkún rẹ̀ ró kàà, ó tẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n da ìtìjú nù. Wọ́n ń ja ẹran náà gbà bí ajá. Bí Ọdẹ́rìndé ti ń pín in, ó rí ọwọ́ kan tó nà wá láàárín àwọn ọwọ́ yòókù, ọwọ́ rọ̀bọ̀tọ̀. Ìyá onílé ni. Ó gba egungun ìhà, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni mo ti ń retí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ mi ni èmi náà wá mú níbí, tí mo fi gúgúrú inú àpò mi bọ́ ẹni tí mo bá. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò ló di onílé. Mo ti yó. Ẹ wá sìn mí."

Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó ṣe. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti di ẹran padà, ó wúwo, ó sì gba ojú ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó nilé. Kí ló kù tó lè ṣe? Ó ní, "Ẹ jẹun tán? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n sìn yín." Wọ́n dìde, wọ́n ń tiro. Ó sin wọ́n dé ẹnu afárá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sá. Ìyá ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ ìta. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún já lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ̀ méje ló gbé, ìkẹjọ kò débẹ̀, atẹ́gùn sì gbá ìyókù rẹ̀ lọ.

Abíọ́nà ló kẹ́yìn. Orúnkún rẹ̀ ti tú, ṣùgbọ́n láti abẹ́ orúnkún lọ sílẹ̀, igi ni, igi ló sì jẹ́ títí. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá mi, mi ò lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ jókòó."

"Jókòó, kó wá fá ọ? Lọ sílé, Abíọ́nà. Ní ojú mi báyìí, lọ. Ọkọ rẹ ń retí rẹ."

"Màá rán ẹnì kan sí yín."

 Ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìndé ti ń yí padà sínú ilé, bí ẹsẹ̀ onílé ti máa ń ṣe tó bá sin àlejò tán.

Ó wá ku èmi. Abíọ́nà fi ẹsẹ̀ igi rìn wọ Ìlódò, kó, kó, kó, gbogbo ìlú sì jáde wò ó. Mo fẹ́ ẹ. Bí a ti ń ṣe ìyàwó lọ́wọ́ ló ti ń yan ọ̀yà. Ó kó o sínú àpò, ó gbé e ka iwájú mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ lọ bọ́ Bàbá." Kò sọ èyí tó kù, èmi náà kò sì bi í. A jọ mọ̀ pé ẹni tó bá bọ́ ọ kò ní bọ̀. Mo ní ibà ń ṣe mí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo ní oko ń pè mí. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣàìsàn, èmi tí mo ru ẹfọ̀n!

Nígbà tí ojú tì mí tó, mo lọ. Mo dé ẹnu afárá kẹta, mo dákẹ́. Àwọn àlejò tuntun ti jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá mi ti sanra, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń sọ fún obìnrin kan pé, "Ó kù díẹ̀ kó jinná, ìyá." Imú rẹ̀ gbọ́ òórùn àpò mi. Ó yíjú.

"Ògúnmọ́dẹdé, ọmọ mi! Ṣé ìwọ nìyẹn? O kò kí ènìyàn mọ́ ni? Ké àgò!"

N kò la ẹnu.

"Ṣé Abíọ́nà ti bímọ? Wọlé wá sọ fún mi. Ké àgò, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbọn?" Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ọjọ́sí ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo pa dà. Mo jẹ ọ̀yà náà lọ́nà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sọ fún ìyàwó mi pé àgbàrá ti gbé afárá náà lọ. Ó wo ìka mi, ó wo ètè mi, ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà." Ọjọ́ kẹta, mo bọ̀ láti oko, n kò bá a nílé. Ààrò ti tutù, àjà tí ẹran máa ń wà ṣófo, ipa ẹsẹ̀ igi sì wà lójú ọ̀nà igbó. Mo lè bá a. Ẹsẹ̀ igi kì í yára.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi wọlé dé, òun nìkan. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀rá ọ̀yà ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ nà," ló wí. "Ebi ọdún méjì ni, Ògúnmọ́dẹdé. N kò wo ojú. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni mo tó rí ẹni tó ń bọ́ mi. Ó ní, 'Ẹ jẹun tán, Bàbá? Ẹ jẹ́ kí n sìn yín.'"

Ọdún mọ́kànlá la jọ gbé inú ilé kan kó tó kú. A jọ ń pa ọ̀yà, a jọ ń yan án. Òun á wò mí, èmi á wò ó, a ó sì jọ jẹ ẹ́.

Abíọ́nà ṣì wà níbẹ̀. Onílé kì í di igi, onílé kì í kú, ebi nìkan ló ń pa á. Ọ̀yà mẹ́ta ló wà lórí àjà mi báyìí, wọ́n gbẹ dáadáa, àpò sì wà nílẹ̀. Èmi ti di arúgbó, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Ta ni yóò lọ? Ẹ̀yin géńdé, mo ní ta ni yóò lọ? Látúnjí?

Ó dáa. Òjò ti dá tipẹ́, ẹ kò gbọ́ ni? Ẹ máa lọ sílé, kí àwọn ìyàwó yín fún yín lóúnjẹ.